Fúláwà Kérésì tó fẹ́ẹ́ dá ìjà Ore mìíràn sílẹ̀

Ẹni tó bá mọ Ore dáadáa mọ̀ pé kò sí ìgbà tí ìlú náà máa ń kún bí ìgbà ọdún Kérésì. Títì márosẹ̀ tó ti Ṣágámù wá, tó ń lọ sí Bìní, àárín Ore ló gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá tó ń kó èrò lọ sí ilẹ̀ Ìbò ti máa ń dúró, kí èrò jẹun, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n na ẹsẹ̀. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú Kérésì, ariwo ọkọ̀ kì í jẹ́ kí àwọn tó ń gbé etí títì sùn. Ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ nìkan kọ́ ni àlejò tó ń dé sí Ore lóṣù Kejìlá. Ọyẹ́ náà ń dé. Ọyẹ́ yìí ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tọkọtaya kan nílùú náà, tí àwọn ará àdúgbò fi ń bú sẹ́rìn-ín títí di òní pé ewé lásán-làsàn fẹ́ẹ́ tú wọn ká.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ méjì, àbúrò ọkọ ti Èkó dé, ó sì gbé fúláwà kan lọ́wọ́. Fúláwà náà kéré, kò ga ju ife ìmumi lọ, ó ṣùpọ̀ bíi irun orí ọmọ tuntun, ó tutù minimini. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo ilé ṣe hàà ni pé ṣóńṣó orí ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan funfun, bí ẹni pé ẹnì kan bu ìyẹ̀fun sílẹ̀ lé e lórí. Wọ́n fi bébà pupa tó ń dán wé ìkòkò rẹ̀, wọ́n sì so rìbọ́n mọ́ ọn. Àbúrò ọkọ ní frosty fern lorúkọ rẹ̀, pé òun ni àwọn òyìnbó máa ń gbé sórí tábìlì lásìkò Kérésì, àti pé owó tí òun fi rà á kì í ṣe kékeré.

Ìyàwó gbà á tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Orí tábìlì tó wà láàárín pálọ̀ ló gbé e sí, abẹ́ fáànù gan-an, níwájú ẹ̀rọ amúlétutù, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè kọ́kọ́ rí i. Ó pe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ní kó máa bomi rin ín, kó má gbàgbé.

Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tó hùwà ibi kankan.

Nígbà tó fi máa di àìsùn Kérésì, ṣóńṣó funfun yẹn ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ti rọ, ẹ̀gbẹ́ kejì ń gbẹ wáíwáí, téèyàn bá fọwọ́ kàn án, ó ń rún bíi bisikíìtì. Ni ìyàwó bá pariwo pe ọmọ ọ̀dọ̀.

“Ṣé mo ní kó o máa bomi rin nǹkan yìí àbí n kò sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, mà. Mò ń bomi rin ín láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, mà.”

Ọkọ tó jókòó síbi tó ti ń wo tẹlifíṣọ̀n ló wá dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ó ní, “Ṣé oògùn ibà ni wọ́n kọ fún un ni, tó fi di ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́?”

Ìyàwó ní ṣé òun ló ń bú àbí ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń bú. Ọkọ ní òun ò bú ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ní àbúrò rẹ̀ ló gbé ohun tó ti ń kú lọ wá sílé àwọn, tó wá ń yangàn owó. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé etí àbúrò ọkọ, ó sì ti etí rẹ̀ dé etí ìyá ọkọ, tó ti wà lọ́nà ilé wọn láti wá ṣọdún. Bí màmá ti wọ pálọ̀, wọn ò tíì gbé ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n wo orí tábìlì, wọ́n ní:

“Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀bùn tí ọmọ mi gbé wá kò tẹ́ yín lọ́rùn ni?”

Ìyàwó ilé tó bá gbọ́ irú ìbéèrè yẹn rí mọ̀ pé ìgbátí sàn jù ú lọ. Ọkọ fẹ́ẹ́ fi ẹ̀rín pa á rẹ́, ló bá ní, “Ó le kú, ìjà Ore.” Àwọn àgbà ìlú mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, Ore yìí ni àwọn ọmọ ogun Biafra tó ń bọ̀ láti ìhà Bìní dé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ẹnikẹ́ni ò rín ẹ̀rín ọkọ lọ́jọ́ náà.

Bàbá kan tó ń gbin fúláwà tà lẹ́bàá títì ló wá bá wọn parí ẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè é bí ẹni ń pe dókítà. Baba ò sọ̀rọ̀, ó kàn tú rìbọ́n, ó sì ṣí bébà dídán kúrò lára ìkòkò. Omi dúdú tú jáde, òórùn rẹ̀ dà bíi ti gọ́tà. Ó ní kí wọ́n pa fáànù. Lẹ́yìn náà ló wá wo ìyàwó àti màmá, ó ní:

“Ẹ̀yin ìyá mi, omi ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ orí rẹ̀. Ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́, ẹ kàn ń fún un lómi níbi tí kò ti fẹ́ ni.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ fúláwà yìí wà nínú ohun tí baba sọ yẹn. Àìmọ̀ nìkan ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa ná owó lé e lórí lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa kó o dà sórí ààtàn lóṣù Kìíní.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà ti ń tan èèyàn jẹ. Àwọn olóyìnbó ń pè é ní fern, ìyẹn irú ewé tó máa ń hù lára ọ̀pẹ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n fern kọ́ ni. Selaginella kraussiana ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ìdílé tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ìdílé àtayébáyé ni, wọ́n ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ kí òdòdó àkọ́kọ́ tó tàn lórí ilẹ̀ ayé. Àwọn ìbátan wọn kan tó ga bí ìrókò wà lára àwọn igi tó wó, tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀, tí wọ́n di èédú tí wọ́n wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń retí kí tirẹ̀ tan òdòdó, kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Kì í tan òdòdó, kì í so èso. Ohun kan tó kúnná bí eruku ló fi ń bímọ.

Frosty tí wọ́n fi kún orúkọ rẹ̀ náà, nítorí yìnyín tó ń já bọ́ sórí ewé lókè òkun ni, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni fúláwà yìí. Láti ìhà Kamẹrúùnù títí lọ dé Gúúsù Áfíríkà ló ti ń hù nínú igbó tutù, àti ní àwọn erékùṣù Azores. Ọmọ Jámánì kan, Ferdinand Krauss, tó lọ kó ewéko jọ ní Gúúsù Áfíríkà láàárín 1838 sí 1840, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn òyìnbó mú un lọ sílé, wọ́n yan èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ funfun láàárín wọn, wọ́n fi rìbọ́n sí i, ló bá di fúláwà Kérésì tí àwa náà wá ń fi owó ńlá rà padà. Ó ní ìbátan kan, Selaginella myosurus, tó ń hù létí igbó ní gúúsù Nàìjíríà níbí, tó máa ń fà lé ara àwọn igi kéékèèké. Àìmọye èèyàn ló ti fi àdá gé e kúrò lójú ọ̀nà oko láìbìkítà.

Àwọn kan máa ń rò pé ọ̀dà ni wọ́n kùn sórí ewé náà. Kì í ṣe ọ̀dà. Ibi tó funfun yẹn ni kò ní àwọ̀ tútù tí ewé fi ń gba ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń jóná tí nǹkan bá yí padà.

Ohun tó wá ń pa á ni pé ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò ní awọ tó nípọn tí ewé kòkó tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní. Ìsàlẹ̀ igbó ló ti ń gbé, níbi tí oòrùn kì í ti í wọlé, tí afẹ́fẹ́ sì máa ń rin bíi ti balùwẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná wẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rínrin inú afẹ́fẹ́ yẹn ló fi ń gbé ara ró. Láti bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, Ore fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, torí pé ìlú inú igbó òjò ni. Aṣọ tí wọ́n sá lè lo ọjọ́ méjì kó má gbẹ. Ká ní oṣù Keje ni wọ́n ń ṣe Kérésì, fúláwà yìí ì bá máa jó nínú pálọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ń gbé e wálé gan-an ni ọyẹ́ ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ bọ̀, tí ètè ń bó, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń là, tí ilẹ̀kùn tó ti wú lásìkò òjò tún ń padà sí bó ṣe wà. Afẹ́fẹ́ tó lè la àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà, kí lẹ rò pé ó máa fi ewé tó fẹ́lẹ́ tó báyìí ṣe?

Téèyàn bá wá tan ẹ̀rọ amúlétutù lé ọyẹ́ lórí, ó parí. Ẹ̀rọ náà kì í kàn mú ilé tutù lásán, ó máa ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Omi tó ń kán tó-tó-tó lẹ́yìn ilé yẹn, inú yàrá ló ti fà á jáde. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà náà ń rí ìyà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ni tiwọn. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná lásìkò òtútù máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ ilé bíi ti ọyẹ́ gẹ́lẹ́. Èyí ló jẹ́ kí fúláwà náà máa kú lókè òkun bó ṣe ń kú ní Ore.

Béèyàn ṣe máa tọ́jú rẹ̀ kò le, tó bá ti mọ èyí. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó rà á ṣe ní kété tó bá délé ni pé kó bọ́ bébà dídán tàbí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kúrò. Bí kò bá fẹ́ bọ́ ọ nítorí ẹwà ọdún, kó fi ọ̀bẹ lu ìdí bébà náà, kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Bébà yẹn ló pa ẹsẹ̀ fúláwà ilé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo omi tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń bù sí i lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kò rọ́nà lọ, gbòǹgbò wá jẹrà. Nígbà tí gbòǹgbò bá ti jẹrà, ewé máa rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á tún bu omi sí i, á sì tún máa yára kú sí i. Àìmọye fúláwà ló ti bá irú àánú bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ inú ìkòkò gbọ́dọ̀ máa rin nígbà gbogbo bíi kànrìnkàn tí wọ́n fún omi kúrò lára rẹ̀. Kó má ṣe gbẹ rárá, kó má sì ṣe di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Kì í ṣe aago ló máa sọ ìgbà tí wọ́n máa bomi rin ín, ìka ni. Kí wọ́n fi ìka tẹ orí ilẹ̀ náà láràárọ̀. Tó bá fẹ́ẹ́ gbẹ, kí wọ́n bu omi sí i títí tó fi máa jò nísàlẹ̀, kí wọ́n da èyí tó jò nù. Omi òjò ló dára jù, èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé. Omi kànga náà dára. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ta òórùn kẹ́míkà ni, kí wọ́n pọn ọ́n sínú báálì tí wọn ò dé lórí, kó sùn mọ́jú.

Ọ̀rọ̀ àìgbẹ yìí, ẹ má fi ṣeré. Ó ní ìbátan rẹ̀ kan ní aṣálẹ̀ Mẹ́síkò, Selaginella lepidophylla, tó jẹ́ pé tó bá gbẹ, á ká bíi ìkúùkù, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ tí omi bá kàn án, á tún là bí ẹni tó jí láti ojú oorun. Wọ́n ń tà á fún àwọn onígbàgbọ́ gẹ́gẹ́ bí ewé àjíǹde. Frosty fern kò ní irú agbára yẹn. Ibi tó bá ti gbẹ lára rẹ̀ ti gbẹ nìyẹn, kódà bí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà.

Ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ ni irú èyí tó lè ka ìwé ìròyìn láìtan iná, ṣùgbọ́n tí oòrùn kò tàn sí i lára. Ìdí fèrèsé tó ní kọ́tìnì dára, tàbí ìhà tí oòrùn ọ̀sán kì í dé. Kó má sún mọ́ sítóòfù, kó má sì wà níbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ń wọlé. Pálọ̀ tó ní fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù ni ibi tó burú jù nínú ilé, ibẹ̀ sì ni gbogbo ayé máa ń gbé e sí. Balùwẹ̀ tó ní fèrèsé ló tọ́ sí i. Àwọn kan á ní ṣé inú balùwẹ̀ ni àwọn máa gbé ẹ̀bùn olówó ńlá sí. Bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n máa gbé e wá sí pálọ̀ lọ́jọ́ tí àlejò bá ń bọ̀, kí wọ́n sì gbé e padà tí àlejò bá lọ.

Àwọn tó ń tà á lè ní kí wọ́n máa fi bọ́tìlì afúnmi wọ́n omi sí i lára. Kò burú, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́, omi yẹn á ti gbẹ kí wọ́n tó gbé bọ́tìlì sílẹ̀. Àwọn mìíràn a máa gbé ìkòkò náà sórí abọ́ tó ní òkúta wẹ́wẹ́ àti omi. Èyí ò fi bẹ́ẹ̀ ran ewé náà lọ́wọ́, ẹ̀fọn ló ń ràn lọ́wọ́ jù. Omi tó bá dúró sójú kan tó ọ̀sẹ̀ kan ti tó fún ẹ̀fọn láti di abìyẹ́, ẹni tó bá sì fi fúláwà Kérésì kó ibà wọlé, kò sí ẹni tó máa bá a dá sí owó oògùn.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gidi ni pé kí wọ́n dé e mọ́ inú gíláàsì tàbí ike tó mọ́ kedere. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́, ìtàn rẹ̀ sì dùn. Dókítà kan wà ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, Nathaniel Bagshaw Ward, tó fẹ́ràn fern, àmọ́ èéfín èédú ìlú náà ń pa gbogbo èyí tó bá gbìn. Ní nǹkan bí ọdún 1829, ó fi kòkòrò kan tó wà nínú ilé rẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú ilẹ̀ tó rin, ó sì dé e, torí ó fẹ́ẹ́ wo bó ṣe máa di labalábá. Nígbà tó yá, ó rí i pé fern kékeré kan ti hù nínú ìgò náà láìsí ẹni tó gbìn ín. Ọ̀rínrin tó ń gòkè lọ́sàn-án á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, á sì tún kán padà sílẹ̀ lálẹ́. Òjò ń rọ̀ nínú ìgò! Ward wá kan àpótí onígíláàsì, ní 1833 ó fi méjì ránṣẹ́ sí Ọsirélíà nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn ewéko inú wọn sì gúnlẹ̀ láàyè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù lórí òkun.

Kí ará Ore má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn o. Irú àpótí Ward yìí náà ni wọ́n fi kó ọ̀dọ́ igi rọ́bà láti ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Síílọ̀nì, tó ń jẹ́ Sri Lanka báyìí, ní 1876, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó kóró rẹ̀ kúrò ní Bràsíl. Bí igi rọ́bà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rin káàkiri ayé nìyẹn, títí tí irú igi kan náà fi di ohun tí àwọn èèyàn ń kọ fún oje rẹ̀ ní Àràrọ̀mí-Obù, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo níbí.

Ẹnikẹ́ni kò nílò àpótí onígíláàsì. Ike ńlá tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń kó súwíìtì sí, èyí tó mọ́ kedere tó sì lẹ́nu fẹ̀, ti tó. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa. Kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n wá da ilẹ̀ lé e. Ilẹ̀ tó dára jù fún un wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní agbègbè Ore: ewé kòkó tó ti jẹrà mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi, tó dúdú, tó fúyẹ́. Kí wọ́n pò ó mọ́ yanrìn díẹ̀. Ìyẹ̀ pákó tó kún ẹ̀yìn àwọn ilé ìlagi kò dára nígbà tó bá ṣì tuntun, torí pé bó ṣe ń jẹrà ló máa ń gba oúnjẹ mọ́ ewéko lẹ́nu. Kí wọ́n gbin fúláwà náà, kí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí wọ́n dé ike náà. Kí wọ́n má gbé e sójú oòrùn o, torí inú ike á gbóná bí inú ọkọ̀ tí wọ́n tì sójú oòrùn, fúláwà á sì bọ̀ bí ẹ̀fọ́. Tí omi bá pọ̀ lára ike jù, kí wọ́n ṣí i fún wákàtí díẹ̀. Omi tí wọ́n bu sí i lẹ́ẹ̀kan lè gbé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ajílẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ fi sí i, kó po èyí tó kéré gan-an mọ́ omi, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lásìkò òjò nìkan.

Àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ wá ṣọdún ńkọ́, tí wọ́n fẹ́ẹ́ ká irú fúláwà yìí sínú báàgì? Kí wọ́n má dán an wò. Ewéko àti ilẹ̀ tó ń wọlé láti òkèèrè gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn, àjọ Nigeria Agricultural Quarantine Service ló sì ń mójú tó o ní pápákọ̀ òfurufú. Òfin yẹn kì í ṣe ìnira lásán. Ní New Zealand, Selaginella kraussiana kan náà yìí, tí a ní ó ń kú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú pálọ̀, jáde kúrò nínú ọgbà àwọn èèyàn, ó wọ igbó tutù, ó bo ilẹ̀ débi pé ọ̀dọ́ igi kò rí àyè hù mọ́. Wọ́n ti fòfin de títà rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí owó frosty fern kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó jáde lọ wo ara ọ̀pẹ. Fern tó ń hù láàárín ìdí imọ̀ tó ti gé, tó ń fà sílẹ̀ bí irun gígùn, fern gidi nìyẹn. Ó lágbára ju àlejò olóríifunfun lọ, torí ó ti mọ ọyẹ́, ó sì ti mọ òjò. Kí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ olóko, torí ọ̀pẹ ní olúwa rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi igi tú ibẹ̀ wò, nítorí ejò àti àkeekèé fẹ́ràn ibi tutù yẹn. Kí wọ́n yọ ọ́ tòun ti gbòǹgbò àti ìdọ̀tí dúdú tó wà nídìí rẹ̀, kí wọ́n gbìn ín sínú ìkòkò tàbí agbọ̀n tó ṣe é gbé kọ́, kí wọ́n so rìbọ́n pupa mọ́ ọn. Àlejò tó bá ní kì í ṣe fúláwà Kérésì, wọn ò gbọdọ̀ bu ìrẹsì fún un.

Ṣùgbọ́n fern ara ọ̀pẹ náà ń jìnnà sí ìlú lọ́dọọdún. Òjìji igi ńlá ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú igbó máa rin. Ní igbó ọba Oluwa àti ti Omotosho, tó wà nítòsí Ore, wọ́n ti gé púpọ̀ nínú igi ńlá ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gbin igi gmelina sí ibi kan nítorí iṣẹ́ bébà, wọ́n gbin ọ̀pẹ síbòmíràn, àwọn olóko kòkó wọ ibòmíràn, àwọn agégi ń gbé ìyókù. Níbi tí igi ńlá bá ti wó, oòrùn á kanlẹ̀, ọyẹ́ á sì rí ọ̀nà wọlé. Ohun tó ń pa fúláwà nínú pálọ̀ yẹn náà ló ń pa àwọn ẹbí rẹ̀ nínú igbó.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé tọkọtaya wa. Baba olófúláwà gé gbogbo ibi tó ti jẹrà dànù. Èyí tó kù tó tutù kò tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó rin nínú ike súwíìtì, ó fi igi ìtayín tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ara rẹ̀ lè kan ilẹ̀ dáadáa. Ó ní gbòǹgbò máa ń yọ lára ẹ̀ka rẹ̀ níbi tó bá ti kan ilẹ̀ tó rin, kí wọ́n dé e, kí wọ́n gbé e sí fèrèsé balùwẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bu omi sí i títí òun yóò fi padà wá. Ó wojú ọmọ ọ̀dọ̀ nígbà tó ń sọ èyí. Ọkọ san owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi abọ́ ìrẹsì Kérésì lé e.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ tán nígbà tí màmá tún wá kí wọn. Wọ́n wọ balùwẹ̀ lọ fọ ẹsẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gbé ike náà lọ́wọ́, ewé funfun ti kún un dé ọmọrí.

Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ẹ ṣeun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé díẹ̀ sínú ike, kí n rí i gbé lọ sílé.”